Ilé La Ti Ń Ná Ọkọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ṣe òwò ní haláálì fún wa, tí ó sì ṣe èlé ní haráámù. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ń pè ní Al-Amin, Olùfọkàntán, nígbà tí ó ń ṣòwò láàárín wọn, kí ó tó di Òjíṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe yín láǹfààní. Bóyá ẹ ń retí pé n ó sọ̀rọ̀ lórí ìrun tàbí lórí ààwẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti ṣe ìyẹn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni èmi fẹ́ bá yín sọ: bí a ṣe ń múra sílẹ̀ kí a tó lọ ná an.

Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan Àfáà nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Bí a bá yọ ilé kíkọ́ kúrò, kò sí ohun tí púpọ̀ nínú wa ń kó owó lé lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni a sì ti ń sọ owó nù jù. Nígbà mìíràn, owó náà kì í ṣe tiwa nìkan. Owó mọ́sáláṣí ni, owó ilé-kéú ni, owó ẹgbẹ́ ni. Amáànà ni, a ó sì dáhùn fún un.

OHUN TÍ ÌYÁ MI MỌ̀

Ìyá mi, kí Ọlọ́hun ṣàánú wọn, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà ní Oǹdó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Oǹdó mọ̀ pé ìlú tí obìnrin ti ní àṣẹ lórí ọjà ni. Àwa la ní Lóbùn, ọba obìnrin, tí ọ̀rọ̀ ọjà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí ìyá mi bá fẹ́ ra ẹja tí wọn yóò tà, wọn kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Wọn á kọ́kọ́ rin ọjà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan kan. Wọn á béèrè iye níhìn-ín, wọn á fọwọ́ kan ẹja lọ́hùn-ún, wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á sì máa lọ. Inú mi kì í dùn, nítorí èmi ni mo ru agbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá fi padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìnájà kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn á ní, "Mo ti ná an tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ènìyàn wa rò pé ẹnu dídùn ni a fi ń ná ọjà, pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ ni yóò ra ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ni a fi ń ná ọjà. Ẹni tí kò bá sì kó ìmọ̀ rẹ̀ láti ilé, kò ní rí i kó níwájú ẹni tó ń ta ọkọ̀.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe. Ọkùnrin tí yóò ná ata ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí tí ọlọ́jà yóò fi pè é ní ahun, òun kan náà ni yóò wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, tí yóò ka owó tí ó fi ọdún márùn-ún tọ́jú sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kí ló fà á? Ìtìjú ni. A kò fẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ rò pé owó wa kò tó. Ata kò ní ọlá lójú wa, ọkọ̀ ní ọlá, ọlá náà ni wọ́n sì fi ń mú wa.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Kí ẹ má bàa rò pé mò ń bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọdún 2012, mo kó owó tí mo tọ́jú jọ, mo fi ìpín tèmi nínú owó kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ kún un, ó jẹ́ 700,000 náírà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní Àkúrẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀. Tẹsùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kàfútáànì rẹ̀ funfun báláú. Ó pè mí ní "Àfáà mi". Kí ó tó béèrè lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ti sọ fún un pé 700,000 ni mo mú wá. Ó ní 750,000 ni òun ń tà á. Bí mo ti ń ronú, ọkùnrin kan wọlé, ó ní òun yóò mú 740,000 wá ní ìrọ̀lẹ́. Àyà mi já. Ẹni tó ń tà á wá ní, "Nítorí ẹ̀sìn, ẹ mú 700,000 yẹn wá." Mo dúpẹ́. Mo tilẹ̀ ṣe àdúà fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí jíà ọkọ̀ náà fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, tèmi ti ìyàwó àti ọmọ. Mẹkáníìkì ṣí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó bá ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní omi ti gbé ọkọ̀ yìí rí. Mo ná 180,000 lé e lórí. Nígbà tí mo wá béèrè káàkiri, nígbà tí kò wúlò mọ́, mo gbọ́ pé irú rẹ̀ tó dára kò ju 550,000 lọ lásìkò náà. Ọkùnrin tí ó ní òun yóò mú 740,000 wá, mo tún rí i ní ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ó ń fọ ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó náà. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpín ọjà títà nínú ìwé fíkì ní ọdọọdún. Ànábì kọ ohun tí à ń pè ní najash fún wa, ìyẹn ni pé kí ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà máa fi owó lé e kí ó lè tan ẹni tó fẹ́ rà á. Mo lè túmọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá àti ní Yorùbá. Ó wá wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fìlà lórí, mo kí i.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi tẹsùbáà ra ọkọ̀. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá jẹ́ ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ dá a lóhùn sálámà, kí ẹ sì yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò bí ẹ ó ti yẹ ti ẹlòmíràn wò. Hádíìsì sọ fún wa pé Ànábì kọjá níwájú ẹni tó ń ta oúnjẹ, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Wọ́n bá a wí nítorí pé ó fi ohun tó tutù pamọ́ sábẹ́ èyí tó gbẹ. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mùsùlùmí ni ó ń ta ọjà náà, Ànábì sì ni wọ́n.

ÌMÚRASÍLẸ̀

Èkíní, mọ ohun tí o fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, kí o sì mọ irú èyí tí owó rẹ ká. Mẹ́ta ni à ń rà: èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, Tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, àti èyí tí wọ́n ti lò níhìn-ín. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tuntun pọ̀, tísà sì lè rà nínú rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Orúkọ ọmọ wa ni wọ́n fi pe ọkọ̀ náà, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó padà wálé, gbogbo Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á ní ọdún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, àlòkù ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 14, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó sì wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, má jẹ́ kí orí rẹ wú. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ̀.

Bí tuntun pátápátá ni o fẹ́ rà, ìnájà náà wà níbẹ̀. Gba ìwé iye lọ́wọ́ ilé ìtajà méjì tàbí mẹ́ta. Béèrè ohun tó wà nínú iye náà: ṣé owó nọ́ńbà wà níbẹ̀, ṣé owó ìbánigbófò wà níbẹ̀, fún ìgbà wo ni wọn yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́? Nígbà mìíràn wọn kò ní dín owó kù, ṣùgbọ́n wọn yóò fi nǹkan kún ọjà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti pàṣẹ láti ọdún 1958 pé kí wọ́n lẹ ìwé iye mọ́ gíláàsì ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ra ọkọ̀ níhìn-ín, ẹnu ẹni tó ń tà á ni iye ń gbé. Ìwọ ni kí o kọ ìwé tìrẹ.

Èkejì, mọ iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe ní ọdún tó kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye dọ́là. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì ṣáájú ìgbà náà kọjá 1,500 nínú ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ń rántí iye àtijọ́ lásán yóò máa bínú, kò ní í rí ọkọ̀ rà. Béèrè níbi márùn-ún, ó kéré tán: ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, lọ́dọ̀ ẹni tí o mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, àti lọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ̀yin ọmọ wa mọ bí a ti ń wo iye lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bá àwọn òbí yín wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, iye tí wọ́n pè é ni. Iye tí wọ́n ń tà á lè wá sísàlẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀kẹta, mọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá pè fún ọ, kí o sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ó má bàa gba tọ̀hún. Lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, nítorí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti tàn kí o tó dé lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Má lọ ní alẹ́, má sì lọ nínú òjò. Ṣí kápẹ́ẹ̀tì, gbóòórùn rẹ̀, wo ìsàlẹ̀ àga bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Ìjì Katrina tí ó jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 gbé ọkọ̀ púpọ̀ lọ sínú omi, irú ìjì bẹ́ẹ̀ sì ti jà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ń fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń tà á, kò tíì tán láyé.

Wo nọ́ńbà ṣaṣí. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1981 síwájú fún ọjà Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ pé 17, kò sì ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Bí J bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. W, Jámánì ni. Lára ọkọ̀ ọjà Amẹ́ríkà yìí kan náà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2010 ni, tí o sì bá 6 níbẹ̀, ìnájà ti bẹ̀rẹ̀ láìla ẹnu. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè fi nọ́ńbà náà sọ fún ọ bóyá ọkọ̀ ti ní jàǹbá ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn ń gba owó díẹ̀. Owó náà kò tó owó jíà kan.

Wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè máa dán kí ó sì ti gbó.

Ẹ̀kẹrin, mọ ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má mú ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀ mọ́, kí ó gba ojú omi. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ láti Kùtọnu lọ̀ ọ́ ní iye tó rọ̀ jù, béèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Ọkọ̀ tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀pọ̀. Wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà nínú ìwé bá ti ara ọkọ̀ mu, lẹ́tà dé lẹ́tà.

Ẹ̀karùn-ún, mọ iye tí o kò gbọdọ̀ kọjá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Bí 3,000,000 bá wà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe 3,000,000 ni o fi ń ra ọkọ̀. Kọ́kọ́ yọ owó ìwé, owó ìbánigbófò, owó táyà àti báátìrì, àti owó àtúnṣe oṣù àkọ́kọ́ kúrò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 400,000, ọkọ̀ rẹ kò gbọdọ̀ ju 2,600,000 lọ. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi ìwé náà sí ọwọ́ ìyàwó rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ. Má kó owó dání lọ, má sì sọ iye tí o ní fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo kí ẹ tó tú ká, kí ó má sì sí pé owó yóò máa gun orí owó bí o bá pẹ́ san. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di èlé nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà, mọ àkókò. Ẹni tí ó fẹ́ gun ọkọ̀ lọ sílé fún Iléyá ní ọ̀la kò lè ná ọkọ̀ lónìí. Ìkánjú ni ọ̀gá àwọn tó ń rẹ́ wa jẹ. Bí ẹ bá sì jẹ́ mẹ́ta tí ẹ lọ, kí ẹnìkan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àfáà, kádàrá ni. Èyí tí Ọlọ́hun bá kọ mọ́ni ni a ó rà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, wọ́n ní kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ìmúrasílẹ̀ ni okùn tí a fi ń so ràkúnmí.

ỌJỌ́ ÌNÁJÀ

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí, ìnájà fúnra rẹ̀ kò gba ariwo. Jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ dárúkọ iye. Dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà dá iye tìrẹ, kí o sì sọ ìdí rẹ̀: táyà méjì ti gbó, búrẹ̀kì ń dún, mo rí irú rẹ̀ ní ibòmíràn ní iye báyìí. Ìdí ni ó ń dín owó kù. Bí ó bá kọ̀, kí o dìde pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí o fi nọ́ńbà fóònù rẹ sílẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde kò tíì ṣetán láti jókòó.

Àwọn kan nínú jàmáà wa rò pé ìnájà kò yẹ ọmọlúàbí, pé iye tí wọ́n bá pè ni kí a san. Kí wọ́n gbọ́ ìtàn Jabir ọmọ Abdullah. Ojú ọ̀nà àjò ni wọ́n wà, ó sì ti rẹ ràkúnmí rẹ̀. Ànábì ní kí ó tà á fún àwọn. Nínú ẹ̀gbàwá kan, dírámù kan ni wọ́n kọ́kọ́ ná an, Jabir kọ̀, ó ní yóò jẹ́ ìrẹ́jẹ fún òun. Wọ́n ń fi kún un títí ó fi di wúkíyà kan. Jabir bá wọn ṣe àdéhùn pé òun yóò gùn ún dé Mẹ̀dínà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ànábì san owó náà pé, wọ́n sì tún dá ràkúnmí náà padà fún un. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: kíkọ́kọ́ ná an wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kíkọ̀ ẹni tó ń tà á kì í ṣe àrífín, àdéhùn ti di sísọ kí owó tó di sísan, owó sì pé.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a purọ́. Má sọ pé ẹnìkan fẹ́ tà á fún ọ ní iye tí ẹnikẹ́ni kò dá. Má búra. Ànábì kọ́ wa pé ìbúra lè mú kí ọjà tà, ṣùgbọ́n ó ń nu alùbáríkà rẹ̀ nù. Bí ẹlòmíràn bá sì ti fẹ́nu kò pẹ̀lú ẹni tó ń tà á, kúrò níbẹ̀, má ta lé ìtà arákùnrin rẹ. Bí ẹ bá ti gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Āyà tó gùn jù nínú Àlùkùránì, èyí tó wà nínú súúrà Baqara, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti mímú ẹlẹ́rìí ló dá lé.

Ọ̀RỌ̀ ỌKỌ̀ ILÉ-KÉÚ WA

Mo fẹ́ fi èyí parí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń sọ ọ́, ó sì yẹ kí n dáhùn ní gbangba. Ní ọdún 2024, ẹ dá owó jọ kí a lè ra ọkọ̀ tí yóò máa kó àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti Ìjọ̀kà àti Ọ̀bà-Ilé. Ẹ yan àwa mẹ́rin. A yọ owó ìwé àti àtúnṣe kúrò, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní kọjá 6,000,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi rìn. A rí Sienna mẹ́rin tó jọra, kò sí èyí tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbà ní ìsàlẹ̀ 5,400,000.

Ìkarùn-ún wà ní Oǹdó, lọ́wọ́ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. A béèrè bóyá wọ́n ti pín ogún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà kàn. Ó ní ẹnìkan ti dá 3,500,000, òun kò gbà. Ó ní 4,000,000 ni òun ń tà á. Ẹni tó jókòó tì mí fi orúnkún kàn mí. Iye tí ọkọ rẹ̀ rà á ṣáájú kí náírà tó já ni obìnrin yìí fi ń ṣírò.

A ní a fẹ́ lọ kírun Áṣárì. Lẹ́yìn ìrun, a jiyàn. Ẹnìkan ní amáànà ni owó àwọn òbí, a kò ní àṣẹ láti fi ọ̀kan kún iye tí ẹni tó ń tà á fi ẹnu ara rẹ̀ pè. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, n kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ara mi ní ọdún 2012, bí mo ti dúró níwájú ẹni tó mọ ohun tí n kò mọ̀, tí ó sì dákẹ́. Mo rántí sàábà Ànábì, Jarir ọmọ Abdullah, tí ìtàn sọ pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ra ẹṣin kan fún un ní 300 dírámù. Jarir wò ó, ó rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi owó kún un fún ẹni tó ni ín títí ó fi di 800. Mo tún rántí pé ìpín ọmọ òrukàn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ náà, a sì mọ ohun tí súúrà Nísáà sọ nípa ẹni tó ń jẹ owó ọmọ òrukàn.

A padà wọlé, a sọ iye tí irú rẹ̀ ń lọ fún un. A fi ohun tí mẹkáníìkì wa rí hàn án, búrẹ̀kì àti táyà méjì, a yọ owó rẹ̀ kúrò. A san 5,000,000. Obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìpàdé òbí, ẹnìkan ní mo fi owó yín ṣe sàráà. Mo dá a lóhùn pé sàráà kọ́, iye ọjà ni. Ó dín ní 400,000 sí èyí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin yòókù yóò gbà, ó sì dín ní mílíọ̀nù kan sí ibi tí ẹ ní kí a dé. N kò sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí yóò ṣe é ní ọ̀nà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni n kò retí pé gbogbo yín yóò gbà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n lójú mi, iye rere ni iye tí a lè pàdé ẹni tó ta ọjà fún wa lẹ́yìn ọdún kan, kí a sì kí i láìyí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìmọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ, òun kan náà ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a rẹ́ ẹlòmíràn jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀ nínú jàmáà, èrè yín haláálì ni, ẹ sọ àléébù ọjà yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má wọ ọjà kí ẹ tó rìn ín já. Ẹ̀yin opó àti ẹ̀yin tí ẹ jogún ọkọ̀, ẹ béèrè iye kí ẹ tó tà. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ka ìpín ọjà títà nínú fíkì, ẹ má kà á fún ìdánwò nìkan. Yóò wọlé tọ̀ yín wá lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú fìlà lórí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ síbi ire, kí ó sì fi alùbáríkà sí ohun tí a rà àti ohun tí a tà. Kí ó má jẹ́ kí a fi owó ara wa ra ìbànújẹ́. Āmín.